Ẹ̀kọ Tí Kò Sunkún

Ìsánlú, oṣù Ṣẹẹrẹ. Ọyẹ́ ti gbé òkè mì.
Ẹni tó ń kọjá kí wa, "Okun o,"
ohùn nìkan la rí.

Ìyá mi àgbà ò ní eyín mọ́.
Ẹ̀kọ ló kù tó ń gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé,
ìráhùn ló ń gba ibẹ̀ jáde.
Alẹ́ ni mo máa ń ro ó sílẹ̀,
torí kí aago mẹ́fà tó lù ni mo ń kúrò nílé
lọ ṣí yàrá sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé.
Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹ̀kọ á ti le,
á ti fà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́,
omi á dúró lórí rẹ̀ bí omijé.
"Gbé e lọ," màmá á wí.
"Èmi kì í jẹ ohun tó ṣọ̀fọ̀ mọ́jú."

Mo mọ ibi tí ẹkún náà ti ń wá.
Mo ti wò ó nínú máíkírósíkóòpù:
hóró ògì kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn mọ́rí.
Bí omi tútù bá kàn án, kò ní dáhùn.
Iná ló mọ orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé.
Iná pè é; ó mu omi, ó wú, ó tún mu
bí ẹni tó dé ibi ọ̀fẹ́,
títí ikùn fi bẹ́
tí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ tú síta.
Okùn wọ̀nyẹn ló ń wá ara wọn kiri nínú òtútù òru,
wọ́n á dì mọ́ra, wọ́n á fún ara wọn, fún un, fún un,
bí ìgbà tí a ń fún aṣọ tí a fọ̀,
omi á sì wá ọ̀nà lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Ọlọ́runjùwọ́n fi ẹyin awó mẹ́rin ránṣẹ́
láti oko wọn lọ́nà Mọ̀pà. Èèpo rẹ̀ le bí òkúta.
Mo fọ́ ọ̀kan. Mo ya funfun sọ́tọ̀.
Pupa ni mo lù mọ́ ògì kí n tó gbé e kaná,
torí inú pupa ni alárinà ń gbé:
orí rẹ̀, omi ló fẹ́;
ìrù rẹ̀, ọ̀rá ló ń wá.
Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í rí ìjà kó má dá sí i.

Mo ń ro. Ìkòkò ò dá mi lóhùn.
Níbi tó máa ń ki, kò ki.
Mo fẹ́ná. Mo ti igi sí i. Mo bú igi.
Mo ti gbàgbé pé ó máa pẹ́,
pé alárinà a máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn hóró,
a máa sọ fún omi pé, "Rọra."
Pé bí okùn kan bá yọrí jáde,
á ká mọ́ ìrù alárinà
bí ìkarahun ṣe ká mọ́ ìgbín,
kò sì ní ráyè ẹlòmíràn mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," màmá pariwo láti yàrá,
"ṣé òkúta lò ń sè ni?"

Ó ki nígbà tó wù ú.
Mo dé e. Mo sùn.

Láàárọ̀, mo ṣí abọ́
bí ẹni tó ń ṣí èsì ìdánwò.
Ojú rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí mo mi abọ́, òun náà mì.
Mo fẹ́ ròyìn alárinà fún màmá,
orí, ìrù, okùn tó ká.
Ó ní kí n dákẹ́ kí òun lè gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu òun.
Ó jẹ ṣíbí mẹ́ta. Ó wò mí.
"Ó ń rùn ẹyin."
Ó tún gbé ìkẹrin.
"Ṣùgbọ́n kò sunkún."
Ó na abọ́ sí mi kí n fi iyọ̀ sí i.
Aago mẹ́fà ti kọjá. Mo lọ wá iyọ̀.